Ohun Tí Mo Yọ Kúrò Nínú Ọ̀rọ̀ Dókítà

Dókítà Sẹ́namì, obìnrin tó tọ́jú ọrùn ọmọ mi nílé ìwòsàn kan ní Gbégamey, ló kọ́kọ́ sọ ìtàn yìí fún mi. Ìtàn náà dùn. Èmi ni mo bà á jẹ́. Mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́ kí àwọn tó ń bọ̀ wá fẹ́ ọmọ wa tó dé lọ́jọ́ Àìkú.

Rábì ọmọ wa kò gbọ́ràn láti ìgbà tí a ti bí i. Ìyá rẹ̀ lọ kọ́ èdè ọwọ́ nítorí rẹ̀, ó sì fi kọ́ èmi náà. Lónìí, Rábì ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ ní Ekpè. Nígbà tí ọrùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú, èmi àti ìyá rẹ̀ jọ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà náà ni.

Faransé ni dókítà ń sọ. Nàgó àti Gun nìkan ni ìyàwó mi gbọ́. Èmi ni mo ń túmọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ bí obìnrin náà ṣe sọ ọ́. Ó ní ìlànà bíńtín kan wà nínú ara tí a ń jogún, jíìnì ni wọ́n ń pè é. Òun ló ń kọ́ ara bí yóò ṣe ṣẹ̀dá olùṣọ́nà kan tó ń jẹ́ pẹ́ńdríìnì. Olùṣọ́nà yìí wà nínú etí, ó wà lọ́rùn. Ó ń jẹ́ kí èròjà iyọ̀ kọjá. Nítorí rẹ̀ ni omi inú etí fi ń wà bó ṣe yẹ, tí a fi ń gbọ́ nígbà tí ìyá wa bá pè wá. Kì í sinmi, kò sì sẹ́ni tó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó pẹ́ tí mo ti ń pìtàn fún àwọn ọmọ àdúgbò wa, Agblangandan, n kò rí irú akọni bẹ́ẹ̀ rí. Orí mi wú.

Dókítà ní, "Ẹ̀dà jíìnì yìí méjì ni olúkúlùkù ní, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá. Tí ọ̀kan bá bàjẹ́, èkejì á máa ṣiṣẹ́, onítọ̀hún á máa gbọ́ràn. Ti Rábì, méjèèjì ló bàjẹ́. Ẹ̀yin méjèèjì lẹ fún un. Kò sẹ́ni tó ṣẹ̀."

Ìyàwó mi fọwọ́ tọ́ mi. "Bàbá Rábì, kí ló ń wí tí ẹ̀ ń mi orí bí aláǹgbá?"

Mo ní, "Ó ní ọ̀dọ̀ ìyá ló ti wá."

Ó kúnlẹ̀ níbẹ̀. "Ẹ má bínú. Ìyá yín ti sọ bẹ́ẹ̀ tipẹ́."

Dókítà bi mí pé kí ló dé. Mo ní ó ń dúpẹ́ ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Mo ní àbúrò obìnrin kan ní Pobè, Sàfúrà. Adití ni, gẹ̀gẹ̀ sì wà lọ́rùn rẹ̀. Nígbà tí àwọn ẹbí ìyàwó mi wá ṣèwádìí ilé wa kí wọ́n tó fún mi lọ́mọ, a ní ibà ló di Sàfúrà létí, omi odò ló fa gẹ̀gẹ̀. Irọ́ ni. Bí a ṣe bí i nìyẹn. Sàfúrà yìí, ẹni tó ń hun ẹní dáadáa, tó ń fi àtẹ́lẹsẹ̀ mọ̀ pé alùpùpù ń bọ̀ kí etí mi tó gbọ́! Ẹni tí à bá fi yangàn ni a purọ́ mọ́. Nígbà tí a sì bí Rábì, tí ìyá mi ní ilé wa kò ní irú èyí, mo wà níbẹ̀. Mo jẹ́ kí ẹ̀bi náà wà lọ́rùn ìyàwó mi.

Lọ́jọ́ Àìkú, àwọn ẹbí ẹni tó fẹ́ fẹ́ Rábì ń bọ̀ wá ṣèwádìí tiwọn. Ìyàwó mi ní, "N kò ní í fi nǹkan pamọ́ fún ọmọ ọlọ́mọ. Màá dìde, màá sọ pé ara mi ló ti wá." Ó ń fi ọ̀rọ̀ náà kọ́ra nídìí ààrò. Ẹ̀dà kan ṣoṣo tó kù nínú mi ni mo fi ń gbọ́ ọ.

Ẹ̀yin ìyàwó ilé tí ẹ̀ ń ka èyí, ẹ jọ̀ọ́, tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, ṣé ẹ ó jẹ́ kí n dìde ṣáájú yín lọ́jọ́ Àìkú, àbí nídìí ààrò yẹn lẹ ti fẹ́ kí èmi náà kúnlẹ̀ lónìí?