Irúgbìn Tí Mo Gbà Lọ́wọ́ Bàbá Mulíká

Ẹ̀yin òǹkàwé, inú ń bí mi, èmi fúnra mi ni mo sì ń bínú sí jù. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n màmá mi, Ìyá Mulíká, wà nínú yàrá mi ní Agbowó níbí. Ọkọ wọn, Bàbá Mulíká, ti lé wọn jáde. Wọ́n ní kí n bá àwọn bẹ Bàbá. Èmi ló yẹ kí n máa bẹ̀bẹ̀! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ṣépè fún mi.

Iléeṣẹ́ tó ń ta irúgbìn ní Ring Road ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí ìjọba ní kí ẹnikẹ́ni má kó àgbàdo wọlé láti òkè òkun mọ́, ọ̀gá wa gbé irúgbìn tuntun kan jáde. Ó ní tálákà yóò jẹun yó. Àgbẹ̀ tó bá kó irúgbìn àtijọ́ rẹ̀ wá, a ó fún un ní tuntun lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́dún àkọ́kọ́. Ọ̀gá wá kìlọ̀ pé a ò gbọdọ̀ sọ pé èyí tí wọ́n bá kórè kò ṣe é gbìn padà, àfi kí wọ́n máa wá rà lọ́dọọdún.

Mo gbé e lọ sí Ìgbòho fún Bàbá Mulíká, àwọn tó tọ́ mi dàgbà. Ọwọ́ ìyá wọn ni wọ́n ti jogún àgbàdo tiwọn. Wọ́n bi mí pé, "Ṣé tuntun yìí ṣe é so sájà?"

Lọ́dọ̀ wa, òkè iná ìdáná là ń so àgbàdo irúgbìn sí, kí èéfín lè lé kòkòrò. Ìyàwó ilé ni kì í jẹ́ kí iná kú lábẹ́ rẹ̀.

Mo ní, "Ó ṣe é so dáadáa, Bàbá." Irọ́ gbuu! Wọ́n kó ti ìyá wọn fún mi tán pátá.

Ọdún kìíní dára, wọ́n súre fún mi títí. Wọ́n so èyí tó dára jù sájà. Lọ́dún kejì, òmíràn ga, òmíràn kúrú, èyí tó yọmọ ò ju àtàǹpàkò lọ. Ebi wọlé. Bàbá kọjú sí Màmá, ìyàwó wọn, lójú mi: "Ìwọ lo jẹ́ kí iná kú lábẹ́ irúgbìn mi!" Ọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n fi lé Màmá jáde.

Bàbá ní kí n bá àwọn wá irúgbìn àtijọ́ yẹn. Mo ní ó ti tán. Kò tán o! Ó wà nínú yàrá tútù ní iléeṣẹ́ wa, orúkọ ọ̀gá ló wà lára ìgò rẹ̀. Ọ̀gá ní ti òun ni, ẹni tó bá fẹ́ gbìn ín gbọ́dọ̀ gbàṣẹ lọ́wọ́ òun. Àgbàdo ìyá ẹlòmíì! Ẹ wo ìwà olè! Èmi ni mo sì fọwọ́ ara mi gbé e fún un.

Tí mo bá jẹ́wọ́, iṣẹ́ mi lọ, Bàbá ò sì ní fẹ́ rí mi mọ́. Mo ti ń rò ó láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá.

Láàárọ̀ yìí, Màmá pè mí jókòó. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, mo rò ó títí. Ó lè jẹ́ pé iná yẹn kú lọ́jọ́ kan tí mi ò mọ̀. Sọ fún wọn pé mo gbà, èmi ni mo jẹ̀bi."

Mo ní, "Ó dáa, Màmá, màá bá yín sọ ọ́."

Ẹ jọ̀ọ́, irú èèyàn wo ni mí? Kí ni kí n ṣe?