Ìpara Mi Ló Wà Lórí Kéèkì Corinne

Má ní kí n jókòó, Wendell! Mi ò jókòó, mi ò sì mu kọfí. Gbé àáké yẹn sílẹ̀ kí o kọjú sí mi, igi tí ò ń là yẹn ò ní sá lọ! Ṣé èmi ni Corinne ìyàwó rẹ fẹ́ sọ di ẹni yẹ̀yẹ́ nílùú yìí? Èmi Verna, ẹ̀gbọ́n rẹ, tí mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń so okùn bàtà? Kéèkì tó gba ipò kìíní ní ọjà ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì lánàá, tí wọ́n lẹ ríbọ́ọ̀nù búlúù mọ́, tí gbogbo ayé ń pàtẹ́wọ́ fún, ohun funfun tó wà lórí rẹ̀ yẹn, kì í ṣe áísìn o! Ìpara mi ni! Ìpara ara! Òrí ni, Wendell, òrí àti ìda oyin!

Háà, o ń rẹ́rìn-ín? Rẹ́rìn-ín dáadáa. Tí o bá rẹ́rìn-ín tán, wàá gbọ́ ìyókù.

Ìwọ náà mọ ohun tí ojú mi ti rí lórí ọ̀rọ̀ ìpara yìí. Àkọ́kọ́ tí mo ṣe le bí àbẹ́là, a ò lè fi ìka wà á. Òmíràn dì wóróworó bí iyanrìn, ó ń ha èèyàn lára. Ìwọ yìí, ìwọ tí o dúró síwájú mi yìí, lo mú ìgò kan nínú rẹ̀ tí o fi pa irin ilẹ̀kùn gáréèjì rẹ kó má baà máa han mọ́! Mo rí ọ! Mi ò sọ̀rọ̀ ni! Níbi oúnjẹ ọdún Ìdúpẹ́ èṣí, gbogbo yín jókòó ti tòlótòló, ẹ ń bi mí bóyá ìpara tọdún yìí ṣeé fi lẹ bàtà. Mo bá yín rẹ́rìn-ín. Ó dáa.

Ṣùgbọ́n ti ọdún yìí! Wendell, ti ọdún yìí yọrí! Láti ìgbà tí ewé ti bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n lórí òkè ni mo ti rẹ kanafùrù àti igi sínámọ́nì àti èèpo ọsàn sínú òróró álímọ́ńdì, mo gbé e sójú fèrèsé níbi tí oòrùn ti ń kàn án, tí mo bá jí láàárọ̀ màá mì ín, tí mo bá fẹ́ sùn màá mì ín, bí ẹni ń tọ́jú ọmọ. Mo yọ́ òrí náà nínú abọ́ lórí ìkòkò omi gbígbóná, mi ò jẹ́ kí iná kàn án rárá, òrí gidi tó ti Gánà wá, mo bu epo àgbọn sí i, mo ha ìda oyin tí mo rà lọ́wọ́ Lyman tó ń sin oyin sí i, mo sẹ́ òróró mi lé e lórí. Òórùn tó gba ilé kan! Bí ìgbà tí èèyàn dúró ní ọgbà ápù lọ́jọ́ tí wọ́n ń fún omi rẹ̀, tí ẹnì kan tún ń sun ewé gbígbẹ lẹ́yìnkùlé. Ìgbà ìwọ́wé gan-an ló wọ ìkòkò! Everett ọkọ mi, tí ọ̀rọ̀ kì í tètè jáde lẹ́nu rẹ̀, ó wọlé, ó ń fa imú, ó ní kí la fẹ́ jẹ. Kí la fẹ́ jẹ! Ó yẹ kí n ti mọ̀ níbẹ̀ pé wàhálà ń bọ̀.

Mo jẹ́ kó tutù díẹ̀, mo fi ẹ̀rọ lù ú, lílù ni mò ń lù ú, títí ó fi funfun, tó ru sókè, tó fúyẹ́ bí òjò dídì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀. Ó ku kó sùn nínú òtútù kó lè dúró, kí n dì í sínú ìgò láàárọ̀, kí n gbé e lọ sọ́jà ìkórè. Ṣé mo lè gbé e sínú fíríìjì mi? Níbo? Everett ti fi ọfà pa àgbọ̀nrín! Itan rẹ̀ wà lókè, ìhà rẹ̀ wà nísàlẹ̀, ọkàn rẹ̀ wà níbi tí mò ń kó ẹyin sí! Òrí kì í sì í sùn ti nǹkan kó má gba òórùn rẹ̀. Ta ló fẹ́ fi òórùn àgbọ̀nrín para?

Ni mo bá gbé abọ́ mi wá síbí. Ìwọ nìkan lo wà nílé. Mo ní, Wendell, abọ́ mi rèé nínú fíríìjì yín o, sọ fún ìyàwó rẹ kó má fọwọ́ kàn án. O ní “ẹn-ẹn.” Ẹn-ẹn! Bọ́ọ̀lù lò ń wò, ojú rẹ ò kúrò lára tẹlifíṣọ̀n! Ṣé o sọ fún un?

O gbàgbé. Àní o gbàgbé! Màmá wa bí ọ, ó wẹ̀ ọ́, ó rán ọ lọ sílé ìwé, o ò lè sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún ìyàwó rẹ!

Má dá mi lẹ́kun, mo mọ ohun tó o fẹ́ wí. O fẹ́ wí pé níbí, ẹni tó bá ṣí fíríìjì rẹ̀ tó rí oúnjẹ tí kò mọ̀ nípa rẹ̀, aládùúgbò ló gbé e wá fún un, kó dúpẹ́ kó sì jẹ ẹ́. Mi ò jiyàn. Ilẹ̀kùn kíṣìnì ta ni wọ́n ń tì? Nígbà tí Màmá wa kú, ṣé a mọ ẹni tó gbé gbogbo mákàróní oníwàràkàṣì yẹn wọlé ni? Nígbà tí Corinne bímọ, èmi náà ni mo gbé ọbẹ̀ wọlé nígbà tó ń sùn, mo tún fọ àwo tó wà nílẹ̀ kí n tó jáde. Bí a ṣe ń ṣe nìyẹn. Ó wọlé, ó rí abọ́ tó funfun, tó ń ta sánsán, ọjà ìkórè di ọ̀la, kéèkì elégédé rẹ̀ wà lórí tábìlì, kò tíì ní áísìn, ó ní Àǹtí Verna ló ṣàánú òun. Títí débẹ̀, mo dárí jì í! Mo fi ọwọ́ méjèèjì dárí jì í!

Àmọ́ ṣé kò tọ́ ọ wò ni? Obìnrin wo ló ń pa áísìn sórí kéèkì tí kò ní lá ìka? Ó ní òun ò jẹ ṣúgà mọ́! Ó ń fẹ́ kí búláòsì ọdún tó kọjá gba òun! Ṣúgà wo ló wà nínú òrí?

Ìwọ gbọ́. Láàárọ̀ àná, mo wá mú abọ́ mi, mo bá a lórí káńtà, wọ́n ti fọ̀ ọ́, kò sí ẹnikẹ́ni nílé. Mo sáré dé gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì, mi ò tíì wọlé tán tí òórùn náà fi pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà. Mo mọ̀ ọ́n, bí mo ṣe mọ ohùn ọmọ mi! Ìyáàfin Thurlow tó ń ṣe adájọ́ ti gbé awò rẹ̀ sójú, ó ń yí kéèkì náà po, ó ń mi orí, ó ní òun ò rí áísìn tó dúró báyìí rí, àti pé iná gbọ̀ngàn ti ń yọ́ gbogbo ti àwọn tó kù, ti Corinne nìkan ló dúró gbọn-in. Á dúró! Ìda oyin Lyman ló gbé e dúró! Àwọn adájọ́ náà kì í tọ́ kéèkì ọ̀ṣọ́ wò, ojú ni wọ́n fi ń wò ó, ó di lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú kí wọ́n tó gé e fún ìjọ. Bó ṣe bọ́ lọ́wọ́ wọn nìyẹn.

Ìyáàfin Thurlow wá bi Corinne níwájú gbogbo èèyàn pé ta ló kọ́ ọ. Mo ní, ó yá, ó máa dárúkọ mi báyìí, mo tiẹ̀ tún ṣẹ́ẹ̀tì mi ṣe. Kí ni ìyàwó rẹ wí? Wendell, kí ló wí? Ó ní, “Ìyá mi àgbà ló fi sílẹ̀ fún wa, àṣírí ìdílé ni.” Ìyá àgbà! Ìyá àgbà tí kò ṣe búrẹ́dì kan rí kó má jóná! Ohun tó dùn mí nìyẹn! Mú ìpara mi, kò burú. Pa á sórí elégédé, kò burú. Ṣùgbọ́n kí o wá fi fún ìyá rẹ àgbà!

Kí ló dé tí mi ò sọ̀rọ̀ níbẹ̀? Kí n wí kí ni? Wọ́n á ní ìlara ló ń pa Verna. Láti ìgbà tí mo ti wọlé ọkọ ni mo ti ń gbé nǹkan lọ síbi ọjà yẹn, jáámù o, ibọ̀sẹ̀ tí mo fọwọ́ hun o, mi ò gba ríbọ́ọ̀nù kankan rí, Wendell, kankan! Àná, mo jókòó ti tábìlì mi, ìgò òfìfo ni mo tò síbẹ̀, mo ti fi aṣọ kéékèèké rán fìlà fún wọn. Lyman ń kọjá, ó ní, “Verna, ìgò lo wá ń tà?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí mo wọ mọ́tò ni mo tó sunkún. Iṣẹ́ ọwọ́ mi wà ní ọ̀ọ́kán, ríbọ́ọ̀nù búlúù wà lọ́rùn rẹ̀, orúkọ ẹlòmíràn ló ń jẹ́.

Mo pè é nírọ̀lẹ́, mo là á yé e. Ó wá ní, “Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sọ fún ẹnikẹ́ni.” Má tíì! Ọ̀la ni wọ́n máa gé e! Pásítọ̀ ló ń jẹ àkọ́gé! Ṣé kí n jókòó síwájú kí n máa wo Pásítọ̀ bó ṣe ń jẹ òrí? Mo gbà bẹ́ẹ̀ o! Mo lè gbé fọ́ọ̀kì lọ kí n dúró tì í! Mi ò lójú ẹ̀kún mọ́!

Kí lo wí?

Rárá, tún un wí. Má gbé ojú sílẹ̀, tún un wí. Èyí tó ṣẹ́kù nínú abọ́… ìwọ lo jẹ ẹ́? Wendell! O fi pa búrẹ́dì? Búrẹ́dì méjì? O ò rí i pé ó ń lẹ̀ mọ́ ọ lókè ẹnu ni? Kí ló dé tó o ò sọ fún un?

O rò pé bí áísìn Corinne ṣe máa ń rí nìyẹn! Yéè! Ẹ gbà mí o! Ó rò pé bí ti ìyàwó òun ṣe máa ń rí nìyẹn, ó jẹ ẹ́ tán kó má baà bí i nínú! Jẹ́ kí n di igi mú, ẹ̀rín máa pa mí!

Kí ni? Kí ló ṣe ètè rẹ? Sún mọ́bí. Bọ́ sínú oòrùn. Háà! Ètè rẹ ò là! Òtútù yìí ti dé láti ìjelòó, ti gbogbo wa ti bẹ́, tìrẹ ń dán bí ti ọmọ ọwọ́! Ó ṣiṣẹ́! Wendell, ó ṣiṣẹ́! Ìwọ tó o fi ìpara mi pa irin ilẹ̀kùn!

Ó yá, wọ kóòtù rẹ, pe ìyàwó rẹ jáde. Ilé Ìyáàfin Thurlow là ń lọ. Nísinsìnyí ni, kì í ṣe ọ̀la. Corinne ló máa sọ̀rọ̀, ìwọ lo máa na ètè kó fọwọ́ kàn án, èmi ni mo máa gba ríbọ́ọ̀nù mi.