Àwọ̀ Ọkọ Màmá Oníbúrẹ́dì

Mo ń dúró de pásípọ́ọ̀tù mi ní ṣọ́ọ̀bù onífọ́tò kan, ará Ìlọrin, ní Kofar Doya lókè Ọya, nígbà tí màmá oníbúrẹ́dì kan gbé fọ́tò ńlá ọkọ rẹ̀ tó ti di olóògbé padà wá.

"Ọmọ mi, wo ojú tó rí bí eérú yìí. Bó ṣe rí lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù lọ́jọ́ tó kú lo tẹ̀ fún mi yìí."

"Kash! Ó mà ṣe o! Màmá, ẹ má bínú. Mo rò pé àwọ̀ bàbá ti pupa jù, ni mo bá ń dín pupa kù. Àṣé ojú kọ̀ǹpútà yìí ló ń sọ gbogbo nǹkan di pupa. Ó ti pẹ́ tí mo ti yẹ̀ ẹ́ wò."

"Ṣáà tẹ ti àkọ́kọ́ fún mi."

"Èyí tí mo tún ṣe ni mo fi pamọ́ lé e lórí, ó ti pa ti àkọ́kọ́ rẹ́. Ṣé ó ṣì wà lórí fóònù yín?"

"Fóònù yẹn ti bàjẹ́."

Onífọ́tò gbé bébà funfun sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà, ó ń tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ títí funfun ojú kọ̀ǹpútà fi bá ti bébà mu.

"Ó ti dáa báyìí. N ó máa dá pupa padà díẹ̀díẹ̀. Tó bá ti dé bí bàbá ṣe rí gan-an, ẹ ní kí n dúró."

Àwọ̀ ń padà sójú ọkùnrin náà. Màmá tẹjú mọ́ ọn. Ojú náà pupa kọjá ti èèyàn, onífọ́tò tún dín in kù.

"Màmá, ṣé ibí ni?"

"Gbogbo rẹ̀ ló jọ ọ́. Ọmọ mi, mi ò rántí mọ́."