Ohùn Màmá Nínú Kásẹ́ẹ̀tì

Ilé fọ́tò kan l'Ẹnu Ọwá ni mo ti ń dúró gba fọ́tò pásípọ́ọ̀tù mi, nígbà tí obìnrin kan tó wọ aṣọ dúdú wọlé wá bá tíṣà kan tó ń lẹ fọ́tò mọ́ páálí.

"Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́. Wọ́n ní ẹ fi fọ́tò màmá mi ṣe ìtàn fáwọn ọmọ kíláàsì yín, pé ẹ gba ohùn màmá sí kásẹ́ẹ̀tì."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ìtàn báwọn baba ńlá màmá ṣe ti oko ẹrú Bùràsíìlì dé ni. Bí mo bá ti gbé fọ́tò kan sókè, kásẹ́ẹ̀tì á máa sọ ìtàn rẹ̀. Ẹ kú àṣẹ̀yìndè màmá."

"Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ gbọ́ wọn."

Tíṣà gbé páálí sílẹ̀. "Ohùn mi ló wà níbẹ̀, mà. Ikọ́ ń yọ màmá lẹ́nu lọ́jọ́ náà. Wọ́n ní kí n má jẹ́ káwọn ọmọ gbọ́ ọ, kí n tún ìtàn náà sọ fúnra mi. Orí tiwọn ni mo gba tèmi sí."

"Ẹ ti pa tiwọn rẹ́?"

"Mo ti pa á rẹ́. Ẹ má bínú, mà. N ò mọ̀ pé wọn ò ní pẹ́ lọ."

"Ikọ́ yẹn gan-an ni mò ń wá," obìnrin náà wí. "Òun ni mo fi ń mọ̀ láràárọ̀ pé wọ́n ti jí."

Tíṣà gbé rẹ́kọ́dà rẹ̀ jáde nínú báàgì. Ó fa àga fún un, ó sì tan kásẹ́ẹ̀tì. Obìnrin náà gbọ́ ohùn tíṣà títí tó fi parí, ó ń fi ọwọ́ ra ojú màmá rẹ̀ nínú fọ́tò.