Ìlà Ara Ìgò

[Ẹ̀rọ ìfọṣọ ń kùn. Fóònù ń dún.]

ÌYÀWÓ: Hàló? Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ọ̀sán, mà.

Ẹ̀GBỌ́N: Ìyàwó, o kú iṣẹ́ o. Iṣẹ́ ń lọ?

ÌYÀWÓ: Ó ń lọ. Ẹ kú ilé. Kí ló ṣẹlẹ̀?

Ẹ̀GBỌ́N: Ṣé ó dìgbà tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ kí n tó pe ìyàwó àbúrò mi?

ÌYÀWÓ: Láti ọjọ́ tí àbúrò yín ti wọ ọkọ̀ òkun lọ síbi iṣẹ́, ẹ̀ẹ̀mejì péré lẹ pè mí níbí. Lákọ̀ọ́kọ́, páìpù bẹ́ nílé. Lẹ́ẹ̀kejì, ẹ ní mo gbé kọ́kọ́rọ́ lọ.

Ẹ̀GBỌ́N: O sì gbé e lọ.

ÌYÀWÓ: Ara ilẹ̀kùn ló wà, Ẹ̀gbọ́n.

Ẹ̀GBỌ́N: Ó dáa, má jẹ̀ẹ́ ká tún ìyẹn gbé jáde. Ìbéèrè kékeré kan ni mo ní. Bí Ológoṣẹ́ bá jí láàárọ̀, kí ló máa ń pa á lẹ́rìn-ín?

ÌYÀWÓ: Kí lẹ wí?

Ẹ̀GBỌ́N: Ohun tó ń pa ọmọ rẹ lẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí o sọ tìẹ. Èmi ti sọ tèmi.

ÌYÀWÓ: "Wọ́n ní". Àwọn wo ni "wọ́n"?

[Ohùn já. Ariwo kẹ̀kẹ́ onírin.]

ÌYÀWÓ: Ẹ̀gbọ́n? Níbo lẹ wà? Ariwo ilé wa kọ́ nìyẹn.

Ẹ̀GBỌ́N: Ṣé o gbọ́ mi? Network ibí yìí kò dáa, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni mo dúró sí. Mo ní ọsibítù la wà.

ÌYÀWÓ: Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n dá fún wa. Òní ni Ọjọ́ Ajé.

Ẹ̀GBỌ́N: Mo mọ ọjọ́.

ÌYÀWÓ: Ẹ mọ ọjọ́, ẹ wá gbé ọmọ mi lọ sí ọsibítù lẹ́yìn mi.

Ẹ̀GBỌ́N: Tíṣà rẹ̀ ló pè mí. Ó ní láti aago mẹ́wàá ló ti gbórí lé tábìlì—

ÌYÀWÓ: Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó ti ń sùn ní kíláàsì. Ẹ̀yin náà mọ̀.

Ẹ̀GBỌ́N: —àmọ́ lónìí, wọ́n lu aago, àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ pariwo jáde, kò mira. Mo dé ibẹ̀, mo pè é. Ó la ojú kan. Ojú kan ṣoṣo, Ìyàwó. Ó tún pa á dé.

ÌYÀWÓ: Ẹ dúró. Ẹ dúró, mo ń jáde síta. Ọ̀gá, please, ìṣẹ́jú kan, ọmọ mi ni.

[Ilẹ̀kùn pa dé. Kíkùn ẹ̀rọ rẹlẹ̀.]

ÌYÀWÓ: Ṣé gìrì ni? Ṣé ó gbọ̀n?

Ẹ̀GBỌ́N: Kò gbọ̀n. Ó ń mí dáadáa. Ó kàn rọ sórí bẹ́ẹ̀dì bí aṣọ tí wọn ò tíì fún ni.

ÌYÀWÓ: Ẹ wá ń bi mí ní ohun tó ń pa á lẹ́rìn-ín.

Ẹ̀GBỌ́N: Ìwé ni mò ń tẹ̀lé. Dókítà ní ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀.

ÌYÀWÓ: Ìwé wo?

Ẹ̀GBỌ́N: Ìwé tuntun kan. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ló fi odidi páálí ẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn. Oríṣiríṣi ilé ni wọ́n yà sínú ẹ̀. Bàbá tó jókòó sórí kẹ̀kẹ́ arọ tó ń di irun ọmọ ẹ̀. Ìyá àgbà tó ń dá tọ́ ọmọ ọmọ. Ọmọ tí kò gbọ́rọ̀, tó ń fọwọ́ sọ̀rọ̀. Ó wá ku ọ̀kan: obìnrin méjì, ọmọ kan láàárín wọn, fọ́tò ọkùnrin ilé lára ògiri. Àfi bíi pé ẹni tó yà á yọjú lójú fèrèsé wa.

ÌYÀWÓ: Bóyá ó yọjú náà. Kí ni wọ́n ń kọ sí i?

Ẹ̀GBỌ́N: Ẹnikẹ́ni tó bá ń tọ́jú ọmọ ló ní ojú ewé tiẹ̀. Kálukú á fẹnu ara ẹ̀ sọ tiẹ̀.

ÌYÀWÓ: Ẹ̀yin náà ní ojú ewé?

Ẹ̀GBỌ́N: Mo ní. Ọdún méjì ni mo ti ń gbé ọmọ yẹn wá síbí. "Ẹ lọ pe ìyá ẹ̀ wá" ni wọ́n máa ń sọ, bíi pé agbọ̀n tí wọ́n fi ru ú wá ni mí. Òní lẹnì kan fún mi ní àga.

ÌYÀWÓ: Ẹ kú oríire àga. Bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Wọ́n á fún èèyàn ní àga, wọ́n á bi í léèrè pé ta ló ń gbé ilé, ta ló ń jáde kílẹ̀ tó mọ́, ta ni kì í tètè wọlé. Tó bá di ọ̀la, mọ́tò á dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á ní ìyá ọmọ kò kúnjú òṣùwọ̀n, wọ́n á gbé ọmọ lọ.

Ẹ̀GBỌ́N: Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ?

ÌYÀWÓ: Kò sẹ́ni tó sọ ọ́. Ojú mi là ni. Kí lẹ kọ nípa mi?

Ẹ̀GBỌ́N: Mo ní tara ẹni lèèyàn ń—

ÌYÀWÓ: Tí kò bá sí orúkọ mi níbẹ̀, ẹ kà á sí mi létí.

[Ìwé ń dún.]

Ẹ̀GBỌ́N: "Ó máa ń rẹ́rìn-ín tí mo bá wọ bàtà mi lódìkejì. Èmi ni mo máa ń wẹ̀ ẹ́. Èmi ni mo máa ń mú un lọ síléèwé. Mo máa ń fún un ní òògùn gìrì ẹ̀, ṣíbí kan láago méje àárọ̀, ṣíbí kan láago méje alẹ́."

[Kíkùn ẹ̀rọ nìkan.]

Ẹ̀GBỌ́N: Ṣé o gbọ́ mi?

ÌYÀWÓ: Tàárọ̀ kì í ṣe tiyín. Èmi ni mo ni tàárọ̀. Bí a ṣe pín in nìyẹn.

Ẹ̀GBỌ́N: A pín in bẹ́ẹ̀, o sì fi í sílẹ̀.

ÌYÀWÓ: Ta ló fi í sílẹ̀?

Ẹ̀GBỌ́N: Ìyàwó, mo fi báírò fa ìlà sára ìgò inú kọ́bọ́ọ̀dù. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí. Mo jí, o ti lọ síbi iṣẹ́, òògùn ò kúrò lórí ìlà. Ọjọ́ kejì, kò kúrò. Ọjọ́ kẹta, bákan náà. Mo ní, ó ti sú u. Mi ò pariwo, mi ò rò ó fún àbúrò mi lórí fóònù. Mo mú ṣíbí.

ÌYÀWÓ: Ẹ̀ ń ṣọ́ mi nílé ọkọ mi.

Ẹ̀GBỌ́N: Ìgò ni mò ń ṣọ́. Ìfura loògùn àgbà.

ÌYÀWÓ: Mo ti ń rí ìlà yẹn. Mo rò pé—

[Ohùn já.]

Ẹ̀GBỌ́N: —gbọ́ mi? Ṣé o gbọ́ mi? Mo ní Dókítà ń dúró de ìdáhùn ẹ. Ó ní òògùn ló lè kéré jù lára ọmọ, kí àìsàn náà máa jà lábẹ́lẹ̀, kó máa jọ oorun lójú. Ó sì lè jẹ́ pé ó pọ̀ jù. Èsì ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n gbà di ìrọ̀lẹ́. Nọ́ọ̀sì ti gbé omi òògùn gìrì kan kọ́. Tó bá jẹ́ pé ó kéré, wọ́n á fi kún un báyìí. Tó bá jẹ́ pé ó pọ̀, òògùn tó wà lórí ìkọ́ yẹn ò gbọdọ̀ wọ ara ẹ̀ rárá. Torí náà ó ní kí n bi ọ́: ìwọ, ṣé o máa ń fún un ní nǹkan kan?

ÌYÀWÓ: Kí lẹ sọ fún un pé mò ń ṣe?

Ẹ̀GBỌ́N: Ohun tí mo rí. Mo ní o kì í fún un.

ÌYÀWÓ: Ó dáa náà. Tí mo bá wá ní mò ń fún un, mo ti di ẹni tó fọwọ́ ara ẹ̀ ba ọmọ jẹ́. Tí mo bá ní mi ò fún un, mo di ọ̀lẹ ìyá. Ẹ ti gbẹ́ ọ̀fìn méjì dè mí dáadáa, Ẹ̀gbọ́n. Èwo lẹ fẹ́ kí n jìn sí?

Ẹ̀GBỌ́N: Bẹ́ẹ̀ ni àbí bẹ́ẹ̀ kọ́, Ìyàwó. Dókítà obìnrin yìí ń wò mí lẹ́nu.

ÌYÀWÓ: Bẹ́ẹ̀ kọ́. Bí ẹ ṣe wí ló rí. Mi ò fún un ní nǹkan kan.

Ẹ̀GBỌ́N: [Ohùn jìnnà sí fóònù.] Dókítà, ó ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Èmi nìkan ni.

[Ohùn obìnrin kan, jìnnà: "Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣí i." Irin dún.]

ÌYÀWÓ: Ẹ̀gbọ́n. Kí ni wọ́n fẹ́ ṣí?

Ẹ̀GBỌ́N: Omi yẹn. Wọ́n fẹ́ fi—

ÌYÀWÓ: Ẹ ní kí wọ́n dúró. Mò ń fún un. Mò ń fún un láàárọ̀ àti lálẹ́, ìgò mìíràn ni. Ṣé ẹ ń gbọ́ mi?

Ẹ̀GBỌ́N: O ń já. Ìgò ṣe kí ni?

ÌYÀWÓ: Ìgò méjì ló wà. Méjì. Irọ́ ni mo pa. Ẹ gba ọwọ́ nọ́ọ̀sì yẹn mú. Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ń gbọ́ mi?

[Fóònù lu nǹkan. Ẹsẹ̀ ń sáré. Ohùn já, ó padà.]

DÓKÍTÀ: Ìyá Ológoṣẹ́, dókítà ọmọ yín nìyí. A ò tíì fi nǹkan kan sí i. Ẹ fara balẹ̀, ẹ sọ fún mi. Ṣíbí mélòó, láago mélòó?

ÌYÀWÓ: Ọ̀kan láago márùn-ún ààbọ̀ kí n tó jáde. Ọ̀kan láago mẹ́jọ alẹ́ tí mo bá wọlé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo fún un láàárọ̀ yìí náà.

DÓKÍTÀ: Ṣíbí mẹ́rin lójúmọ́ nìyẹn, dípò méjì. Nọ́ọ̀sì, ẹ gbé e kúrò lórí ìkọ́. Ẹ ṣeun, ìyá. Ẹ ti bá a ṣe nǹkan ńlá.

ÌYÀWÓ: Ẹ fẹ́ gba ọmọ mi ni?

DÓKÍTÀ: Ibo ni mo fẹ́ gbé e sí? Èmi náà ní mẹ́ta nílé. Òògùn yẹn á rọra kúrò lára ẹ̀, à ó sì máa ṣọ́ mímí ẹ̀ títí yóò fi jí dáadáa. Ẹ mú ìgò kejì wá kí n wò ó. Ó dáa, ẹ bá ẹ̀gbọ́n yín sọ̀rọ̀.

[Fóònù pààrọ̀ ọwọ́.]

Ẹ̀GBỌ́N: Níbo ni ìgò yẹn wà?

ÌYÀWÓ: Nínú bàtà ìgbéyàwó mi, lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo mọ̀ pé ẹ ò ní fọwọ́ kan nǹkan ìgbéyàwó yẹn láéláé.

Ẹ̀GBỌ́N: Mo ní bàtà yẹn ga jù ni. Mi ò sọ pé ìgbéyàwó ò dáa.

ÌYÀWÓ: Ẹ sọ ọ́ níwájú ìyá mi.

Ẹ̀GBỌ́N: Báwo lo ṣe rí ìgò kejì gbà?

ÌYÀWÓ: Mo sọ fún olóògùn pé ti àkọ́kọ́ fọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n, lọ́jọ́ kan mo dé láti ibi iṣẹ́, òògùn pupa wà nínú básíìnì. Ọjọ́ yẹn náà lẹ sọ pé òògùn àwọn èèyàn yìí ń sọ ọmọ di dìndìnrìn. Mo ní ẹ ti ń dà á nù lálẹ́. Mo ní bóyá ẹ tún ń bu omi là á. N kò fọwọ́ kan ìgò kọ́bọ́ọ̀dù mọ́ láti ọjọ́ náà.

Ẹ̀GBỌ́N: Ṣíbí ni mo máa ń ṣan níbẹ̀. Òògùn dídùn ni, èèrà ń bò ó. Ṣé o ò lè bi mí ni?

ÌYÀWÓ: Ẹ̀yin náà ò bi mí. Báírò lẹ mú.

[Kẹ̀kẹ́ onírin kọjá.]

Ẹ̀GBỌ́N: Tíṣà ẹ̀ ní wọ́n fẹ́ yọ ọ́ kúrò ní kíláàsì. Pé orí ẹ̀ ò gbé e. Ọmọ tó ń sọ̀rọ̀ bí ẹyẹ ìbẹ̀rẹ̀ òjò. Àwa la pa á lẹ́nu mọ́.

ÌYÀWÓ: Ẹ ní ìfura loògùn àgbà. Tiwa ti kọjá ṣíbí mẹ́rin.

Ẹ̀GBỌ́N: Ṣáà máa bọ̀. Àmọ́ kó o tó dé, ojú ewé ìkẹyìn wà nínú ìwé yìí. Ìlà kan ṣoṣo ni wọ́n fi sílẹ̀ níbẹ̀: ẹni tí yóò máa fún ọmọ ní òògùn. Dókítà ní ẹnì kan péré, kí ẹnì kejì sì máa mọ̀. Ó ní a ò gbọdọ̀ kọ ọ́ láìjẹ́ pé àwa méjèèjì fẹnu kò.

ÌYÀWÓ: Orúkọ ta lẹ fẹ́ kọ?

Ẹ̀GBỌ́N: Mi ò tíì kọ nǹkan kan. Báírò wà lọ́wọ́ mi, mo kàn ń wò ó.

ÌYÀWÓ: Mi ò ní purọ́ fún yín, Ẹ̀gbọ́n. Ọkàn mi ò tíì balẹ̀ sí yín.

Ẹ̀GBỌ́N: Tèmi náà ò balẹ̀ sí ọ. Dúró ná. Dúró. Ó ti yíjú. Ètè ẹ̀ ń mì. Ó ń pe—

[Ohùn já.]

ÌYÀWÓ: Ta ló ń pè? Ẹ̀gbọ́n? Èmi ni àbí ẹ̀yin ni?

[Ariwo nìkan.]

ÌYÀWÓ: Kò burú. Ẹni yòówù kó pè, ẹ dá a lóhùn. Ẹ má dúró dè mí. Ẹ dá a lóhùn. Ṣé ẹ ń gbọ́ mi?

[Ìpè já.]