Ùgbà Ni Ìdòwú Kọ, Ugbá Kọ́

Ẹ̀yin tí ẹ ra kásẹ́ẹ̀tì mi, tí ẹ ń pè mí ní Rẹ̀mí Ọlọ́ràápù káàkiri Adó, ẹ fara balẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ti há mi lọ́fun láti ọdún 1997, bí n kò bá tu ú jáde lónìí, yóò pa mí. Èmi kọ́ ni mo kọ àwọn orin yẹn.

Kàdúná ni wọ́n bí mi sí. Nígbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ ni bàbá mi tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba kó wa wálé, a gba ilé sí Òkè-Ìlá. Ẹnu mi yá bí ẹ̀rọ ìránṣọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n èdè Èkìtì kò dá ṣáká lẹ́nu mi, n kò sì ní ohun tí mo fẹ́ fi ẹnu náà sọ. Ìdòwú ló ní ọ̀rọ̀. Ọmọ ìlú Igbemo ni, àdúgbò wa ló ń gbé, ọ̀rẹ́ mi, ẹgbẹ́ mi. Arọmọléegun ń bá a jà. Ẹ̀yìn ilé wa ló máa ń jókòó sí, tí yóò máa kọ orin ráàpù sínú ìwé nóòtù pupa kan. Orin mẹ́rìnlá ló wà níbẹ̀ nígbà tí àìsàn gbé e dè, tí ìyá rẹ̀ wá mú un lọ sílé. Ó na ìwé náà sí mi. "Rẹ̀mí, bá mi tọ́jú rẹ̀. Mò ń padà bọ̀." Mo ní kó fọkàn balẹ̀.

Oṣù kan kò pé tí mo fi gbé e lọ sí sítúdíò. Orin méje ni mo fi ṣe àwo àkọ́kọ́. Ìdòwú kì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀, níbi tó kọ "Ugba mi a de" sí, èmi olódo kà á sí ugbá, bí Èkìtì ṣe ń pe igbá. Mo figbe bọnu: ugbá mi á dé! Orin náà gbòde. Àwọn ọmọge ń gbé igbá sórí jó o. Mo fi méje tó kù ṣe àwo kejì. Orúkọ mi nìkan ló wà lẹ́yìn méjèèjì.

Èyí tó burú jù ló kàn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ní 1998, mo wà ní ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá Ọláoyè tó ń ta kásẹ́ẹ̀tì mi, èrò kún ibẹ̀. Ìdòwú wọlé. Ó ti rù, ó wọ súwẹ́tà nínú oòrùn. Kò tiẹ̀ bínú, ó rẹ́rìn-ín. "Rẹ̀mí, ùgbà ni mo kọ. Ugbá kọ́." Ìgbà! Aláìsàn ń sọ pé ìgbà òun yóò dé, mo sọ ọ́ di igbá.

Ọ̀gá Ọláoyè wò mí. "Ta nìyí?"

"N kò mọ̀ ọ́n rí, sà."

Nílé àwọn Ìdòwú, wọn kì í fi "ẹ" ọ̀wọ̀ pe ẹnìkan ṣoṣo, àgbà ìbáà ṣe. Kì í fi pe ìyá tó bí i. Ó wò mí títí, ó ní, "Ẹ má bínú, sà. Mo fi yín pe ẹlòmíràn ni." Ó jáde. N kò rí i mọ́.

Ọ̀rọ̀ ti ara mi ni mo fi ṣe àwo kẹta lọ́dún yìí. Rédíò lù ú lẹ́ẹ̀kan. Èrò tú ká, ó wá ku èmi àti ògiri yàrá mi. Lóṣù tó kọjá ni mo gbé ìwé náà lọ sí Igbemo láti dá a padà fún Ìdòwú. Ìyá rẹ̀ ní ó ti kú nígbà ọdún Àjíǹde. Ó wò mí dáadáa. "Ùwọ ni Rẹ̀mí? Ó gbádùn orin rẹ. Ó ní ọ̀rẹ́ òun ló kọ gbogbo rẹ̀. Jókòó, jẹ uṣu."

Mo jẹ iṣu náà tán. Mo dúpẹ́ oúnjẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo gbé ìwé náà padà sílé lábẹ́ aṣọ.

Ẹ foríjì mí. Ẹni tó bá ní kásẹ́ẹ̀tì méjèèjì, kó mú bírò, kó pa Adérẹ̀mí rẹ́, kó kọ Ìdòwú síbẹ̀, kó sì fi àmì sórí ugba. Ùgbà rẹ̀ dé lóòótọ́. Èmi ni mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.