Kápúsù Tí Mo Tà fún Ràṣídá

Adìyẹ líle kan, yúrò mẹ́jọ. Ẹni tó bá ra mẹ́ta, mo máa ń gbà á ní yúrò méjìlélógún. Bó ṣe dì gbagidi bí òkúta yẹn ni mo ṣe ń tà á, mo sì máa ń sọ fún oníbàárà lójú ẹ̀ pé, "Ìyá àgbà adìyẹ ni o. Tó o bá gbé e kaná, lọ sùn díẹ̀ kó o tó padà wá wò ó." A ó jọ rẹ́rìn-ín. Mi ò parọ́ adìyẹ fún ẹnikẹ́ni rí.

Kápúsù ni mo parọ́ lé lórí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń gbọ́ ẹjọ́ ẹlẹ́jọ́ níbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fojú fo ìwé kíkọ mi. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, ìdajì sì ni mo ka ìkẹfà. Ìdí tí mo fi ń sọ̀rọ̀ báyìí ni pé àwọn èèyàn ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ọpẹ́ náà sì há mi lọ́fun bí eegun ẹja. Ẹni tí wọ́n bá bú lè bú wọn padà. Ẹni tí wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ lórí ibi tó ṣe ńkọ́? Kí ló fẹ́ fi fèsì?

Dublin ni mo wà, ó ti lé ní ogún ọdún tá a ti wá tọrọ ààbò níbí. Blanchardstown ni mò ń gbé. Búùtù mọ́tò mi ni ṣọ́ọ̀bù mi: mo máa ń ṣí i lọ́jọ́ Sunday níbi táwọn obìnrin wa ti ń ṣe àsàlátù. Ẹja gbígbẹ wà níbẹ̀, ẹ̀gúsí wà níbẹ̀, adìyẹ wà nínú kúlà. Ẹnu mi náà wà níbẹ̀, òun nìkan ni mi ò gbowó lé.

Nígbà tí nǹkan oṣù mi fẹ́ kógbá wọlé, ooru bẹ̀rẹ̀ sí í mú mi nínú ìlú tí òtútù ti ń pa àwọn ẹlòmíràn. Èmi á ṣí fèrèsé, àwọn ọmọ mi á wọ kóòtù jókòó ní pálọ̀. Àbúrò mi tó wà ní London ló fi kápúsù kan ránṣẹ́. Wọ́n kọ ọ́ sí i lára pé ó ń mú họ́mónù dọ́gba, ó ń tún irun ṣe, ó ń tún ara ṣe. Mo lò ó. Bóyá òun ló ṣe é o, bóyá àsìkò ló tó, ooru náà rọlẹ̀. Èékánná mi wá le bíi ti àwòdì. Oníṣòwò ni mí, mo béèrè iye tí wọ́n ń tà á lọ́pọ̀.

Èmi ni mo sọ ọ́ ní Atúnraṣe. Ẹni tí nǹkan oṣù ẹ̀ ń ségesège, mo ní họ́mónù ni. Ẹni tí kò rí oorun sùn, họ́mónù ni. Ẹni tó bá ọkọ ẹ̀ jà láìnídìí, mo ní họ́mónù ni, ọkọ náà á tiẹ̀ fún un lówó kó wá rà á. Họ́mónù kò kúkú lẹ́nu tó máa fi jiyàn.

Ibẹ̀ ni Ràṣídá ti wọlé. Kì í ṣe orúkọ ẹ̀ nìyẹn, èmi ni mo fún un níbí. Swords, nítòsí pápákọ̀ òfuurufú, lòun àti ọkọ ẹ̀ àti ọmọbìnrin wọn kan ń gbé, inú ọkọ̀ òfuurufú ló sì ń bá wọn nù mọ́. Mọ́mì ló ń pè mí. Nǹkan kan wà lọ́rùn èèyàn tí wọ́n ń pè ní tairọ́ìdì, òun ló ń sọ fún ara bó ṣe máa lo agbára ẹ̀. Ti Ràṣídá kì í ṣiṣẹ́ tó. Oògùn kékeré kan tí dókítà fún un ló ń lò láràárọ̀, ara ẹ̀ sì dá ṣáṣá. Irun iwájú orí ẹ̀ tó ń re nìkan ló ń dùn ún.

Ó gbé ike kápúsù náà lọ́wọ́. "Mọ́mì, ṣé kò ní bá oògùn mi jà?"

Mo ní, "Fítámì ni, Ràṣídá. Ṣé ẹ̀fọ́ máa ń bá oògùn jà ni?"

"Ṣé kí n sọ fún dókítà?"

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ ọ bí mo ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Mo ní, "Dókítà kẹ̀? Ohun tí àwa dúdú ń lò nílé, kí ló kan òyìnbó níbẹ̀? Tó o bá sọ fún wọn, wọ́n á ní kó o jáwọ́ ni. Tí wọ́n bá bi ẹ́, sọ pé o ò lo nǹkan kan."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Mọ́mì, ẹ̀yin náà!" Ó sanwó, ó lọ.

Bí ìyá mi ṣe kọ́ mi nìyẹn. Àgbo á wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, nọ́ọ̀sì á máa béèrè, a ó máa mi orí bí ẹni tí kò mọ ohun tí wọ́n ń pè lágbo. Ta ló sọ òótọ́ fún nọ́ọ̀sì rí nínú wa?

Nígbà tí Ràṣídá lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó máa ń ṣe, wọ́n ní oògùn tairọ́ìdì ẹ̀ ti pọ̀ jù lára ẹ̀. Wọ́n dín in kù. Wọ́n tún yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, wọ́n tún dín in. Wọ́n bi í bóyá ó ń lo nǹkan mìíràn, ó ní rárá. Wọ́n tún bi í, ó tún ní rárá. Ọmọ tó gbọ́ràn ni, ọ̀rọ̀ mi ló ń tẹ̀ lé.

Ara ẹ̀ wá ń bà jẹ́. Òtútù á mú un nínú oòrùn. Ojú ẹ̀ wú, ohùn ẹ̀ kẹ̀ bíi ti ọkùnrin, oorun á gbé e lọ lórí oúnjẹ. Irun náà tún wá ń re sí i. Ó tọ̀ mí wá, mo ní kó máa lo Atúnraṣe lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Títí débẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, mi ò mọ̀. Tó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ló parí sí, àìmọ̀kan ni ǹ bá pè é, mi ò ní da yín láàmú.

Kété lẹ́yìn ààwẹ̀, ọmọbìnrin kan wá ra adìyẹ lọ́wọ́ mi. Ọmọ wa ni, àmọ́ níbí ni wọ́n bí i sí, ilé ìtajà oògùn kan ní Phibsborough ló sì ti ń ṣiṣẹ́. Ó mú ike Atúnraṣe kan, ó yí i, ó ka ẹ̀yìn ẹ̀. Ó ní, "Auntie, there's a lot of biotin in this yoke."

Mo ní, "Sọ Yorùbá fún mi jàre, má fi yoke lọ̀ mí." Yoke ni wọ́n máa ń pe nǹkan níbí.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá alákìísà ẹ̀ ṣàlàyé. Ó ní bayótìn ni fítámì tó ń mú irun àti èékánná hù. Ó ní kì í ṣe májèlé, ṣùgbọ́n tó bá pọ̀ lára èèyàn tí wọ́n fẹ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò, ó lè ṣi ẹ̀rọ lọ́nà, pàápàá tó bá jẹ́ tairọ́ìdì ni wọ́n ń wò. Ẹni tí oògùn kò tó lára ẹ̀, ẹ̀rọ lè ní ó ti pọ̀ jù. Ẹni tó bá ń lò ó gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà, wọ́n á sọ ìgbà tó máa dá a dúró kí wọ́n tó gba ẹ̀jẹ̀.

Mo rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀rọ òyìnbó náà ń parọ́?"

"Tẹ́ ẹ bá parọ́ fún dókítà, Auntie, ẹ̀rọ náà á bá yín parọ́."

Ó gbé adìyẹ ẹ̀, ó lọ. Ẹ̀rín náà gbẹ lẹ́nu mi. Ojú Ràṣídá tó wú ni mo rí níwájú mi. Mo ti mọ̀ nìyẹn.

Mi ò sọ fún un.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rò pé nítorí owó nìkan ni. Iye tí mò ń jẹ lórí ike kan kò tó ra bàtà. Ẹnu mi ni. Èmi tí mo ti fi dókítà ṣe yẹ̀yẹ́ lójú gbogbo obìnrin wa, báwo ni mo ṣe fẹ́ dúró níwájú búùtù kan náà kí n ní mo ṣìnà? Mo ní tó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, mo máa pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ dé, òun fúnra ẹ̀ ló wá bá mi. Àwọn obìnrin tò sẹ́yìn ẹ̀. Alájà kan ń fi í ṣẹ̀fẹ̀: "Ràṣídá, o mà ń tóbi o! Ṣé ìbejì ni?"

Ràṣídá fi ohùn kíkẹ̀ yẹn rẹ́rìn-ín. "Alájà, oorun ni mo lóyún ẹ̀." Ó kọjú sí mi. "Mọ́mì, ẹ fún mi ní Atúnraṣe kan."

Mo lanu. Ọ̀rọ̀ náà wà lórí ahọ́n mi, mo ń tọ́ ọ wò. Ohun tó jáde ni, "Ṣé o ní ṣéńjì lọ́wọ́?"

Mo tà á fún un. Mo mọ̀, mo sì tà á. Ẹ̀ṣẹ̀ mi gan-an nìyẹn.

Kí Iléyá tó dé, wọ́n dá a dúró níbi iṣẹ́, pé ó ń pẹ́ dé, pé wọ́n bá a tó ń sùn lórí àga inú ọkọ̀ òfuurufú tó yẹ kó nù. Mo pè é láti kí i, ọmọ ẹ̀ ló gbé fóònù. Ó ní, "Mammy's grand, she's just asleep." Gireǹdì ni wọ́n máa ń sọ níbí, pé kò séwu. Bí ilé ń jó, gireǹdì ni. Ọ̀sán gangan ni mo pè, ọmọ náà sì ti dá búrẹ́dì jẹ fúnra ẹ̀.

Lẹ́yìn Iléyá, Ràṣídá wa mọ́tò gba M50, títì ńlá tó yí Dublin ká, ọmọ náà jókòó sẹ́yìn. Oorun gbé e lọ. Mọ́tò fi ara ha irin ẹ̀gbẹ́ títì, ariwo irin náà ló jí i. Ọlọ́run ló yọ wọ́n, apá ọmọ náà nìkan ló bó. Ìgbà tí mo gbọ́, mi ò mọ bí mo ṣe dé Swords.

Ọkọ ẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn. Mo ní kí wọ́n kó gbogbo kápúsù náà wá, kí Ràṣídá má fọwọ́ kàn án mọ́, kí wọ́n sì lọ sọ gbogbo ẹ̀ fún dókítà. Mo ṣàlàyé ti bayótìn bí ọmọ Phibsborough yẹn ṣe ṣàlàyé ẹ̀. Ọkọ ẹ̀ wò mí. Ó ní, "Mọ́mì, ìgbà wo lẹ mọ̀?"

Mo ní, "Àná."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe kéré tó. Àná. Láti ẹ̀yìn ààwẹ̀ títí kọjá Iléyá, mo ká gbogbo ẹ̀ pọ̀, mo pè é ní àná. Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún mi lórí kápẹ́ẹ̀tì. Ràṣídá ń sunkún, ó ń sọ pé, "Mọ́mì mi ló gbà mí là." Mo gbé e dìde. Mo jẹ́ kí wọ́n gé ẹran fún mi, mo sì jẹ ẹ́.

Wọ́n sọ fún dókítà. Kò bínú, ó ní ká ní òun mọ̀ ni. Wọ́n dá kápúsù dúró, wọ́n tún gba ẹ̀jẹ̀, wọ́n rí i pé oògùn kò tó lára ẹ̀ rárá, wọ́n sì gbé e sókè díẹ̀díẹ̀. Ara ẹ̀ ti ń bọ̀ sípò. Ohùn ẹ̀ ti padà. Iṣẹ́ ẹ̀ kò padà.

Mo da gbogbo kápúsù tó kù lọ́wọ́ mi nù. Mo pe gbogbo obìnrin tó rà á lọ́wọ́ mi, mo ní kí wọ́n sọ fún dókítà wọn, kí wọ́n má sì fọwọ́ ara wọn yí oògùn ilé ìwòsàn padà. Òótọ́ ni mo sọ fún wọn. Ọjọ́ tí mo mọ̀ ọ́n ni mo fi pa mọ́.

Ràṣídá wá dìde láàárín àwọn obìnrin wa, ó ròyìn mi, ó ní mo da ọjà mi nù nítorí òun. Alájà tó fi í ṣẹ̀fẹ̀ níjọ́sí ní, "Ẹni tó sọ òótọ́ kò gbọ́dọ̀ fi òótọ́ pàdánù!" Ó tẹ́ ìborùn ẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń da owó sí i. Ràṣídá tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ fi yúrò mẹ́wàá sílẹ̀, mo rí i. Wọ́n ṣàdúrà fún mi, wọ́n kó owó náà lé mi lọ́wọ́. Èmi tí ọ̀rọ̀ kì í wọ́n lẹ́nu mi, "Àmín" nìkan ni mo rí sọ.

Àbúrò mi ní London ní kí n gbàgbé ẹ̀. Ó ní, "Ara ẹ̀ ti yá, kí lo tún ń tú síta?" Mo ní ara tèmi ni kò yá. Lójoojúmọ́ ni Ràṣídá ń pè láti kí mi, ìgbàkígbà tó bá sì ti pè mí ní olùgbàlà, bí ẹni ń ta ata sí mi lójú ni. Bí òun bá máa fẹ́ràn mi, kó fẹ́ràn ẹni tí mo jẹ́. Bó bá máa kọ̀ mí, kó mọ ohun tó ń kọ̀.

Nítorí náà, ẹ jọ̀ọ́, mi ò bi yín bóyá kí n sọ. Mo máa sọ, Sunday tó ń bọ̀ kò ní kọjá. Bí mo ṣe máa sọ ọ́ ni mo ń bi yín. Ṣé kí n kọ́kọ́ lọ bá òun àti ọkọ ẹ̀ nílé, kí ojú má tì í láwùjọ, àbí ojú àwọn tó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi ló yẹ kí n ti sọ ọ́? Ẹ má sọ èyí tó rọrùn fún mi o. Ọ̀nà yòówù tẹ́ ẹ bá fi hàn mí, mo máa gbé owó wọn dání lọ. Mi ò ná kọ́bọ̀ níbẹ̀. Bí wọ́n ṣe kà á fún mi náà ni mo ṣe máa kà á padà fún wọn: irinwó yúrò ó dín márùn-ún.